Àpótí Ìdí Ààrò

Àpótí kékeré kan wà ní ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja. Igi ni wọ́n fi kàn án, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju àwọn yòókù lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ jókòó lé e gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tì kó má baà ṣubú. Èmi mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ni mo ti ń jókòó lé e. Nígbà tí mo di ẹni tí wọ́n ń pè ní olùdámọ̀ràn ìjọba lórí ètò ọrọ̀ ajé, tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún mi, orí àpótí yẹn náà ni mo ṣì ń jókòó sí ní gbogbo Sátidé. Ìyá mi á máa yí ẹja padà lórí wáyà, èmi á máa fọwọ́ lé èéfín kúrò lójú, a ó sì máa sọ̀rọ̀.

Ìkòròdú ni mo ń gbé. Mo kọ́lé sí ẹ́sítéètì kan lápá ọ̀nà tó lọ sí Ìtòìkín, torí mo rò pé ibẹ̀ ló wà láàárín iṣẹ́ mi àti ìyá mi. Ohun tí mi ò rò ni pé ẹni tó bá kọ́lé sáàárín ọ̀nà, ojú ọ̀nà ni yóò máa gbé. Kí ìrun àsùbáà tó parí, gbogbo ẹ́sítéètì ti jáde tán, oníkálukú pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ rẹ̀ nínú báàgì, ó di Èkó. Mo gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò mọ orúkọ ọmọ ẹnì kan ní àdúgbò. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà ní ìlú òyìnbó nítorí ilé ìwé. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, iye tí wọ́n fi ń pe òkè òkun kò sì kéré, nítorí náà a kì í sọ ju pé ara le, òjò ń rọ̀, ó dàárọ̀.

Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, iṣẹ́ ìwé kíkọ ni. Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì kí wọ́n tó pè mí. Wọ́n á ní kí n wá sọ ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe nípa ọjà, nípa ọ̀nà, nípa iṣẹ́ ẹja. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, gbogbo wọn á ní, "Ọ̀gá, òótọ́ lẹ sọ." Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi nínú. Mo dán an wò lọ́jọ́ kan, mo sọ òdìkejì ohun tí mo sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún ní òótọ́ ni mo sọ. Ìyá mi nìkan ló kù tí kì í gbà fún mi. Wọ́n á dá ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí ẹja dúró, wọ́n á ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" Mo máa ń wakọ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ kí n lè gbọ́ ìbéèrè yẹn.

Òwò ẹja ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é létí ọ̀sà wa. Apẹja kì í dá àwọ̀n rà. Ìyá kan ló máa ń rà á fún un, tó ń bá a tún ọkọ̀ ṣe, bí ọkùnrin náà bá sì ti ojú omi dé, ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ló ń gúnlẹ̀ sí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ inú ọkọ̀ náà kí ìyá tó ni ín tó fọwọ́ kan ẹja. Iye tí ìyá bá pè é ni apẹja á gbà, ì báà jẹ́ pé ẹlòmíràn dúró sí ẹ̀gbẹ́ tó fẹ́ san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi ní ọkọ̀ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn apẹja mẹ́ta yẹn, èmi àti ẹ̀ la jọ lọ sí ilé kéú, ẹ̀gbẹ́ ara wa la máa ń jókòó sí lórí ẹní. Nígbà tí èmi kọjá sí ilé ìwé gíga, òun kọjá sí ojú omi. Ẹja tó ń pa ni ìyá mi ń yan, ẹja yẹn ló sì sọ mí di dókítà nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Mo mọ èyí dáadáa. Mo kàn máa ń gbàgbé ni.

Ní Sátidé kan, mo bi ìyá mi pé kí ló dé tí apẹja wọn kì í gbé ẹja lọ fún ẹni tó fẹ́ san jù. Ọkùnrin ilé kéú yẹn gan-an wà níbẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi àgbọn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sí i.

"Ibo ló fẹ́ gbé e lọ? Mo ti rà á tọkọ̀ tàwọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni mi ò rà."

"Ìyá," ni ọkùnrin náà dáhùn, kò gbójú sókè, "bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ra òun náà, ẹ óò dá a padà kílẹ̀ tó mọ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí èéfín fi fún wa níkọ́. Ìyá mi ṣa ẹ̀pìà mẹ́rin tó tóbi jù lórí wáyà, wọ́n dì wọ́n sínú ewé, wọ́n ní kó mú wọn lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Kí n tó wa mọ́tò kúrò níwájú ilé, mo yọ jọ́tà kékeré tó máa ń wà lápò mi, mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mi ò kọ ti ìyàwó, mi ò kọ ti ẹ̀pìà mẹ́rin. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn ní gbogbo Sátidé, mi ò sì rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, nínú ìwé tí mo kọ fún ìjọba, mo ní àwọn apẹja etí ọ̀sà kò yàtọ̀ sí ẹrú, pé àwọn obìnrin tó ń ra ẹja ló dè wọ́n mọ́lẹ̀. Mo ní kí ìjọba fún wọn ní àwọ̀n àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, kí wọ́n lè ta ẹja fún ẹni tó bá wù wọ́n. Ó dùn ún kà. Ọ̀gá wa fa ìlà sábẹ́ ibì kan nínú rẹ̀, ó ní irú ìwé tó yẹ kí olùdámọ̀ràn máa kọ nìyẹn. Orí mi wú.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tí ọmọ Ẹ̀pẹ́ kò yẹ kó ṣe. Mo gbàgbé pé ìwé ìjọba kì í dúró ní Gẹ̀ẹ́sì létí omi wa. Bí ìjọba bá mú nǹkan wá, àwọn àgbà kì í gbà á àfi tí wọ́n bá ka ìwé tó bá a wá sétí gbogbo ènìyàn ní Yorùbá, kí oníkálukú lè gbọ́ ìdí tí wọ́n fi mú un wá. Mo ti bá ìyá mi jókòó níbi irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà nígbà tí mo wà ní kékeré. Ibi tí mo ti ń kọ̀wé nínú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ẹ́ńjìnnì dé, wọ́n ta ìbòrí sétí omi. Èmi náà jókòó sáàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú agbádá funfun. Ìyá mi wà níwájú níbi tí àwọn obìnrin jókòó sí, inú wọn ń dùn nítorí pé ọmọ wọn wà nínú àwọn tó mú ire wá. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ló gba ìwé náà tó ń tú u. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò fo ibì kankan. Ó tú u, ó tú u, ó dé ibi tí ọ̀gá wa fa ìlà sí.

"Àwọn obìnrin yìí ń fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn ti ra àwọn apẹja tọkọ̀ tàwọ̀n."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu ìyá mi ló ṣe padà wá, àyàfi pé ẹ̀rín ti bọ́ kúrò nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, wọ́n ń wá ẹni tó sọ ọ́. Ìyá mi kò wò mí. Apẹja tó wà lábẹ́ igi àgbọn lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ń wò, ọkùnrin náà sì tẹ orí ba. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi dìde, wọ́n tún gèlè wọn wé, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé lọ. Ọ̀rẹ́ wọn kan, ìyá àgbàlagbà tí ààrò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ló dìde dúpẹ́ lórúkọ àwọn obìnrin. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́." Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé àdúrà ló ń gbà fún wọn. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kò ṣeé kó. Tèmi kò balẹ̀ lásán, mo tún fi òǹtẹ̀ ìjọba tẹ̀ ẹ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé bí ìṣe mi. Ìyá mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Èéfín pọ̀ lẹ́yìn," wọ́n ní. "Lọ jókòó ní pálọ̀."

Àga kan wà ní pálọ̀ tí mi ò rí rí. Àga onítìmùtìmù pupa ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n gbé omi wá fún mi lórí tírè. Wọ́n gbé ẹja wá nínú àwo tí wọ́n máa ń kó pa mọ́ fún àlejò, wọ́n fi ṣíbí sí i. Wọ́n béèrè ìyàwó mi, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, wọ́n ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí mo bá ti mira díẹ̀, ọ̀rá àga yẹn á dún lábẹ́ mi. Ìyá mi kò bá mi jà, wọn ò fajú ro. Ohun gbogbo tí wọ́n ṣe ló dára, wọn ò kàn bi mí mọ́ pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo rò pé yóò tán lọ́sẹ̀ kejì. Ọdún ń gorí ọdún, orí àga yẹn ni mo wà.

Ìdìbò dé, àwọn tó pè mí lọ, àwọn tuntun kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí mi. Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ ìṣúná kan ní erékùṣù Èkó fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá di ọ̀kan nínú àwọn olùdarí wọn. Wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì lókè téńté, gíláàsì ni ògiri rẹ̀, ọ̀sà ló sì kọjú sí. Ọ̀sà kan náà tó wà ní Ẹ̀pẹ́ ni, ṣùgbọ́n láti òkè yẹn kò ní òórùn. Mo máa ń rí ọkọ̀ àwọn apẹja nísàlẹ̀, mi ò mọ ìyá tó ni wọ́n. Èmi nìkan ni mo ń jẹun ọ̀sán. Bí mo bá wọ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣàwàdà, gbogbo wọn á dìde, àwàdà á tán. Ìgbà mìíràn, tí a bá ti dé Ìkòròdú, mo máa ń ní kí dírẹ́bà sọ̀ mí kalẹ̀ ní Gáréèjì, kó máa gbé mọ́tò lọ sílé, pé mo fẹ́ ra búrẹ́dì. Kì í ṣe nítorí búrẹ́dì. Àwọn agbèrò á máa tì mí, ọ̀kan á ní, "Dádì, ẹ wọlé àbí kẹ́ ẹ kúrò lọ́nà fún wa." Mo dá wà nígbà náà, bó ṣe pọ̀ tó nìyẹn: ẹni tó bú mi ni mo ń wá lọ.

Mo máa ń tẹ ìyá mi láago kí n tó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Sátidé kan, fóònù wọn kò lọ, mo kàn lọ bẹ́ẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn. Mo dúró. Mo ti gbàgbé pé ẹ̀rín ìyá mi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikọ́. Nígbà tí mo yọ sí ẹ̀yìnkùlé, apẹja ilé kéú yẹn ló wà lórí àpótí ìdí ààrò. Ó ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tì í níbi tó yẹ. Àwọ̀n tuntun wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá mi rí mi, ẹ̀rín náà dúró.

"O ò sọ fún wa pé o ń bọ̀," wọ́n ní. "Lọ jókòó ní pálọ̀, mò ń bọ̀."

Ọkùnrin náà ti dìde. Orúkọ ìnagijẹ ló fi ń pè mí ní ilé kéú, èyí tí mi ò lè kọ síbí. "Ọ̀gá, ẹ wá jókòó," ló sọ báyìí.

"Jókòó tìẹ," ni ìyá mi sọ fún un. "Aṣọ rẹ̀ á dọ̀tí."

Apẹja náà ló sìn mí dé ìdí mọ́tò nígbà tí mo ń lọ. Mo bi í léèrè ẹ́ńjìnnì tí ìjọba fún un. Ó ní ó ti bàjẹ́ tipẹ́, kò sí ẹni tó ní ohun tí wọ́n lè fi tún un ṣe ní Ẹ̀pẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ tó kó o wá sì ti lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti dé, àwọn mọ́tò oníyìnyín láti Èkó lòun ń ta ẹja fún dípò Ìyá; wọ́n wá fún sáà kan, wọn ò wá mọ́. Àwọ̀n ti gbó, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

"Mo wá dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá lẹ́nu ọ̀nà," ó ní. "Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ní ṣé mo ti jẹun."

Ó sọ ọ́ láìpòwe mọ́ mi. Inú bí mi sí i, kì í ṣe ohun tó ṣe ló bí mi nínú, pé ó rọrùn fún un tó bẹ́ẹ̀ ni. Mo wakọ̀ dé Ìtòìkín kí n tó mọ̀ pé ìlara ni.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ wa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn obìnrin etí omi lówó. Ọ̀gá àgbà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní, "Ṣebí ìyá yín wà níbẹ̀? Ẹ bá wa bi wọ́n léèrè ẹni tó ṣeé gbára lé àti ẹni tí kò ṣeé gbára lé. Kò ní dà bí iṣẹ́. Ẹ kàn máa bá wọn sọ̀rọ̀ lásán." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dá a lójú pé ohun tó bọ́gbọ́n mu lòun sọ. Mo wò ó, ara mi ni mo rí. Mo ní mi ò lè ṣe é. Ó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, ipò tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi sì bá iṣẹ́ náà lọ.

Mi ò dúró de Sátidé. Ọjọ́ kejì ni mo lọ sí Ẹ̀pẹ́, nítorí mo fẹ́ kí ìyá mi gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí wọ́n sì jẹ́ kí n padà sí ẹ̀yìnkùlé. Orí àga pálọ̀ náà ni mo ti sọ ọ́. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní ó dáa bí mo ṣe ṣe.

"Màmá," mo ní, "ọ̀rọ̀ ọjọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́." Wọ́n ń fi etí ìró wọn nu ọwọ́. "Ohun tí o kọ kò pa mí lára. Ìjọba ti kọ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa wa. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé yẹn, mo rò pé ò ń bá mi sọ̀rọ̀ ni."

Mo bi wọ́n pé ṣé mo lè wá jókòó ti àwọn nídìí ààrò. Ojú wọn lọ sí àpò àyà ẹ̀wù mi. Bírò wà níbẹ̀, bó ṣe máa ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, mi ò tilẹ̀ rántí pé mo fi í síbẹ̀.

"Èéfín pọ̀ lẹ́yìn," wọ́n ní. "Ṣé o ti jẹun?"

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni ìyá mi kú lẹ́yìn àìsàn díẹ̀, nígbà tí mo wà nínú ìpàdé. Àwọn Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́. Erùpẹ̀ díẹ̀ ló kù tí wọn ò tíì kó sórí wọn nígbà tí mo dé. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn obìnrin etí omi wá sílé láti pín àwọn nǹkan kéékèèké tí ìyá mi fi ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹnì kan mú wáyà, ẹnì kan mú ọ̀bẹ, ẹnì kan mú agbọ̀n ẹja. Ìyá àgbàlagbà tí ààrò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ló ń darí rẹ̀. Nígbà tí nǹkan kù díẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní kí ni mo fẹ́ nínú ohun ìyá mi.

"Àpótí ìdí ààrò ni," mo ní.

Ó wo àwọn yòókù kó tó dáhùn. "Àpótí yẹn ti lọ. Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló fún apẹja rẹ̀ nígbà tí àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lé e ni kó máa lò ó."

"Èmi náà mọ̀ ọ́n, Màmá."

"A mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n," ó ní, ohùn rẹ̀ tutù. "Ó ní tìrẹ wà ní pálọ̀."

Àwọn ni wọ́n bá mi gbé àga náà sínú mọ́tò. Pálọ̀ mi ní Ìkòròdú ló wà báyìí, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, mi ò sì tíì bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀. Bí àlejò bá ṣèèṣì wá, mo máa ń ní kó jókòó síbòmíràn. Ní àárọ̀ Sátidé, mo máa ń yọ bírò kúrò lápò àyà mi, mo máa ń gbé e sórí tábìlì, kí n tó jókòó lé àga náà. Kò sí ẹni tó ń wo àpò mi.